Ìkìlọ̀ fún ẹni tó fẹ́ ra bóòtì ìgbafẹ́ ní Èkó: àlòkù ni wọ́n ń pè ní tuntun

Ẹ̀yin ènìyàn mi, bí ẹ bá ń wá bóòtì ìgbafẹ́ rà ní Èkó, ẹ dúró ná. Ẹ ka èyí kí ẹ tó san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ọkùnrin kan wà ní etí omi ní apá Lẹ́kkí tó ń ta bóòtì. Àlòkù ló ń tà, tuntun ló ń pè é, ó sì mọ̀ pé àlòkù ni. Mo tún un sọ: ó mọ̀! Agbẹjọ́rò mi ní kí n má tíì dárúkọ rẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ ti dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá, n ò sì ní dárúkọ. Ṣùgbọ́n ohun tó fojú mi rí, màá sọ ọ́ tán.

Bóòtì tí mò ń sọ yìí kì í ṣe irú èyí tí wọ́n fi ń kó èrò lọ Ìkòròdú. Èyí tó ní yàrá nínú ni, tó ní bẹ́ẹ̀dì, ibi ìdáná àti ilé ìtura, tí èèyàn lè sùn sí mọ́jú. Èmi àti àbúrò mi obìnrin la jọ dáwó rà á. A ní ilé kan tí à ń háyà fún àlejò ní etí òkun Ìlàṣẹ, omi sì ni ọ̀nà ibẹ̀. Ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ la fi ń gbé àlejò lọ, la bá ní ká kúkú ra tiwa. Iye tí a san, mi ò ní kọ ọ́ síbí. Ẹni tó bá ti kọ́lé l'Ékòó rí mọ irú owó tí mò ń sọ.

Mi ò ní purọ́ fún yín, lójú àkọ́kọ́, bóòtì náà rẹwà. Ẹ̀yìn la gbà wọ̀ ọ́, láti orí pátákó tí àwọn tó ń lúwẹ̀ẹ́ máa ń jókòó lé. Ẹ bá ti gòkè báyìí, àga kan ló yí tábìlì ká, èèyàn mẹ́fà lè jókòó síbẹ̀ láìfún ara wọn. Ìjókòó awakọ̀ wà níwájú lápá ọ̀tún, ó gba ẹni méjì. Ẹ ó wá gba àtẹ̀gùn mẹ́ta sọ̀kalẹ̀ sínú. Ibi ìdáná wà lọ́wọ́ òsì: síìnkì, sítóòfù oníná, fíríìjì kékeré. Ilé ìtura tòun ti ṣáwà wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Tábìlì àárín ṣeé rẹ̀ sílẹ̀, á di bẹ́ẹ̀dì. Níwájú pátápátá, bẹ́ẹ̀dì ńlá kan, ó fẹ̀ níbi orí, ó tín níbi ẹsẹ̀, fèrèsé kan sì wà lókè rẹ̀ tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé. Yàrá kejì wà lẹ́yìn àtẹ̀gùn, lábẹ́ ibi tí wọ́n ń jókòó lókè. Ìyẹn ò ga, ẹ lè jókòó níbẹ̀ ṣùgbọ́n ẹ ò lè nàró. Síbẹ̀, ẹni tó ya àwòrán bóòtì yẹn mọṣẹ́ rẹ̀. Kò sí ibì kan tó ṣòfò, abẹ́ àga kọ̀ọ̀kan ló ní àpótí. Awọ funfun tuntun ni wọ́n fi bo gbogbo àga. Ilẹ̀ rẹ̀ ní àwọ̀ igi, ó rọ ẹsẹ̀ lọ́rùn. Inú rẹ̀ ń ta sánsán.

Òórùn lọ́fínńdà yẹn! Mo rò pé òórùn ohun tuntun ni. Òórùn ebu ni wọ́n fi lọ́fínńdà bò mọ́lẹ̀.

Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún mi. Ó ní, "Mọ́mì mi, ẹ fọkàn balẹ̀. Ítálì ló ti wá, 2023 ni wọ́n ṣe é, ẹnikẹ́ni ò tíì sùn nínú rẹ̀ rí." Ọmọ tó ní ẹ̀kọ́, ọmọ Yorùbá bíi tèmi, tó ń bá mi gbé báàgì. Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀?

Àwọn kan ti ń sọ fún mi pé, "Kí ló dé tí ẹ ò wo ẹ́ńjìnnì?" Mo béèrè o! Ẹ má fi ìyẹn kàn mí. Lábẹ́ tìmùtìmù ńlá tó wà lẹ́yìn ni ẹ́ńjìnnì wà, ẹ̀rọ kan ló sì máa ń gbé ìdérí rẹ̀ sókè. Ọkùnrin yìí ní wọn ò tíì so wáyà ẹ̀rọ náà, pé ilé iṣẹ́ tó ṣe é ló máa rán ẹni tó máa so ó wá, pé bí a bá fi agbára ṣí i, gàràǹtì bàjẹ́ nìyẹn. Gàràǹtì! Mo bá ní kò burú. Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń jí mi lóru. Ṣé èèyàn ń ra mọ́tò láìṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀? Mi ò lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún mọ́tò, mo wá ṣe é fún ohun tó ń gbé èèyàn sórí omi. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń purọ́ ló jẹ̀bi, kì í ṣe ẹni tó gba irọ́ gbọ́.

A wà á jáde lórí ọ̀sà, a lọ títí dé ìhà Fálọmọ, a padà. Omi kàn ń tú jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ṣáá, kò dá. Àbúrò mi ló kọ́kọ́ rí i. Ó ní, "Ọ̀gá, omi wo nìyí?" Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní omi ẹ̀rọ amúlétutù ni. Ibi tó dùn mí jù nìyí, nítorí òótọ́ wà nínú irọ́ náà. Lóòótọ́ ni ẹ̀rọ amúlétutù inú irú bóòtì bẹ́ẹ̀ máa ń fa omi láti ìsàlẹ̀ láti fi tutù, tó sì máa ń tú u síta lẹ́gbẹ̀ẹ́. Àbúrò mi tiẹ̀ wò ó lórí fóònù níbẹ̀, ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Àmọ́ lọ́jọ́ yẹn, wọn ò tan amúlétutù! Gbogbo fèrèsé ló ṣí sílẹ̀ gbayawu, òógùn ń bọ̀ lára gbogbo wa. Pọ́ńpù tó ń fa omi kúrò nísàlẹ̀ bóòtì ló ń ṣiṣẹ́, nítorí bóòtì ń jo. Rọ́bà tó bo ibi tí ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì, ìyẹn apá rẹ̀ tó ń wọ inú omi, gbà jáde lẹ́yìn ti gbó, ó ti la. Mẹkáníìkì wa sọ pé irú rọ́bà yẹn, bó bá já tán lójú agbami, bóòtì lè rì. Ọkùnrin yìí sì jókòó sínú rẹ̀ pẹ̀lú wa, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń fún wa ní mínírà.

A san owó. Owó pé lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tí a fi wáyà fa iná láti jẹnẹrétọ̀ ilé wa sí i, fíríìjì yọ èéfín, ẹ̀rọ tó ń gbé omi gbóná jó, amúlétutù kú fin-ín fin-ín. Sóókẹ́ẹ̀tì ibi ìdáná jẹ́ irú èyí tí à ń lò nílé, oníhò mẹ́ta. Elétíríṣíàn tú u, ó sì pè mí pé kí n wá wò. Wáyà dúdú, wáyà funfun, wáyà gíríìnì. Ó ní, "Mọ́mì, wáyà Amẹ́ríkà nìyí. Ti Yúróòpù, búráùn àti búlúù la máa ń rí." Ó lọ ká kọ́tìnì yàrá ẹ̀yìn, ó sì bá sóókẹ́ẹ̀tì kan tí wọ́n gbàgbé: ihò pẹlẹbẹ méjì, ihò róbótó kan lábẹ́ wọn. 120 fólítì ni iná ilé ní Amẹ́ríkà, tiwa jẹ́ 230. Ẹni tó tún bóòtì yìí ṣe kàn ra ojú sóókẹ́ẹ̀tì tuntun, ó fi bo ti àtijọ́. Bí àlejò bá sùn sínú rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn ńkọ́? Ẹ̀mí èèyàn ni ó fi ń ṣeré!

Ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì wá rán ẹni tó máa ń yẹ bóòtì wò sí wa. Bóòtì kọ̀ọ̀kan ló ní nọ́ńbà ìdánimọ̀, lẹ́yìn rẹ̀, lápá ọ̀tún, lókè. Ti Amẹ́ríkà jẹ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà 12: mẹ́ta àkọ́kọ́ fún ilé iṣẹ́ tó ṣe é, méjì tó kẹ́yìn fún ọdún rẹ̀. Ti Yúróòpù a máa fi lẹ́tà orílẹ̀-èdè bẹ̀rẹ̀, IT ni ti Ítálì. Irin pẹlẹbẹ tuntun ni wọ́n kàn mọ́ ibẹ̀ lára tiwa. Ọ̀gá náà yọ ọ́. Abẹ́ rẹ̀ ti di híha, wọ́n ti fi sáńpéépà pa á rẹ́, wọ́n sì kun ún lọ́dà funfun. Ṣùgbọ́n òfin Amẹ́ríkà ní kí wọ́n tún kọ nọ́ńbà kan náà síbi tó fara sin nínú bóòtì, èyí sì ni oníjìbìtì yìí ò mọ̀. Ọ̀gá náà tan tọ́ọ̀ṣì, ó wá a títí, ó rí i lábẹ́ irin kan tí wọ́n fi ṣúrúù mú. Méjì tó kẹ́yìn: 05. Bóòtì 2005 ni wọ́n pè ní ti 2023 tà fún wa!

Kò tán síbẹ̀. Ó fi ìdí òòlù gbá ilẹ̀ bóòtì kiri. Ibi tó dára ń dún kó, kó. Nígbà tó dé iwájú ẹnu ọ̀nà ilé ìtura, ó ń dún bù. Igi tó wà nínú fáíbà ti mu omi, ó ti jẹrà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi tẹ́ ohun rírọ̀ sílẹ̀ tí ẹsẹ̀ mi ń yọ̀ sí. Wákàtí 11 ni aago ẹ́ńjìnnì ń kà nígbà tí a rà á. Nígbà tí mẹkáníìkì fi kọ̀ǹpútà yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ́ńjìnnì náà ti ṣiṣẹ́ ju 900 wákàtí lọ.

Àbúrò mi ọkùnrin tó ń gbé ní Tampa sọ fún mi pé ìjì Ian tó jà ní Florida ní September 2022 kó bóòtì jọ lórí ara wọn ní Fort Myers, àwọn kan rì, àwọn kan gun orí ilẹ̀. Irú bóòtì tí iyọ̀ òkun ti wọ inú wáyà rẹ̀ báyẹn, wọ́n máa ń tà á ní gbàǹjo. Mi ò sọ pé tiwa wà lára wọn, mi ò ní ẹ̀rí. Mo kàn mọ̀ pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń bàjẹ́, wọ́n ní ó ń pọ́n.

Nígbà tí mo padà lọ bá ọkùnrin náà, kò dọ̀bálẹ̀ mọ́. Ó jókòó sórí àga, ó ní kí n wo ìwé tí mo fọwọ́ sí, pé a kọ ọ́ síbẹ̀ pé bí mo ṣe bá ọjà ni mo ṣe gbà á. Ó kọ ọ́ lóòótọ́, kékeré, nísàlẹ̀. Kò sì kọ ọdún kankan sínú rìsíìtì. Ó ti múra sílẹ̀ dè mí láti ìbẹ̀rẹ̀! Èmi tí mo ti ń ṣòwò kó tó gbọ́njú! Ọmọ tó ń pè mí ní mọ́mì!

Mi ò gba ẹnì kankan gbọ́ mọ́ nínú àwọn tó ń ta bóòtì. Ẹ ó ní àwọn tó dáa wà. Ó dáa, ẹ ní kí wọ́n ṣí ẹ́ńjìnnì.

Ohun tí mo lè sọ fún yín, ẹ yára gbà á: ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ wá ẹni tó máa yẹ̀ ẹ́ wò, kì í ṣe ẹni tí olùtà mú wá. Ẹ yẹ nọ́ńbà ẹ̀yìn bóòtì wò, bí irin tuntun bá bò ó, ẹ sá. Ẹ tú sóókẹ́ẹ̀tì kan, ẹ wo àwọ̀ wáyà. Ẹ ní kí wọ́n pa amúlétutù, kí ẹ wo bóyá omi ṣì ń tú. Ẹ gbóòórùn abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ọdún tí wọ́n ṣe é gbọ́dọ̀ wà nínú rìsíìtì. Owó yín, ẹ fi sọ́dọ̀ agbẹjọ́rò títí àyẹ̀wò á fi parí.

Ọkùnrin yẹn tún ti gbé bóòtì mìíràn síta báyìí, funfun, àga tuntun, ó ń sọ fún àwọn èèyàn pé 2024 ni. Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ ní kó yọ tìmùtìmù ẹ̀yìn kúrò. Bó bá ní wọn ò tíì so wáyà rẹ̀, ẹ má jókòó, ẹ má gba mínírà rẹ̀, ẹ máa lọ.