Dẹkódà tàbí dátà: èwo ni kí ẹ náwó lé?

Ẹni tó bá lọ ra tẹlifíṣọ̀n ní Lágéré, n'Ílé-Ifẹ̀, kò ní pẹ́ tí wọ́n á fi bi í pé ṣé kí wọ́n kó díìṣì àti dẹkódà mọ́ ọn. Ẹ má tíì dáhùn. Ọdún mẹ́fà ni mo fi lo dẹkódà, ọdún kejì rèé tí mo ti ń fi dátà wò.

Ní ti bọ́ọ̀lù, dẹkódà ló yá jù. Ẹni tó ń fi dátà wò ó, aládùúgbò á ti pariwo góòlù kó tó rí i. Òjò ńkọ́? Tó bá ti ṣú dáadáa, àwòrán díìṣì á fọ́ wẹ́wẹ́.

Owó oṣù ló dùn mí jù. Mo san án lọ́jọ́ Friday. Nígbà tó di Sunday, tiransifọ́mà àdúgbò wa gbaná. Ọjọ́ mọ́kàndínlógún la fi wà lókùnkùn. Mo pe iléeṣẹ́ tó ni dẹkódà, mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n bá mi dá ọjọ́ dúró. Ọmọbìnrin tó gbé fóònù ní, "Ẹ má bínú sà, kì í dúró." Nígbà tí iná dé, ọjọ́ mẹ́sàn-án péré ló kù. Wọ́n ti gba owó ohun tí n kò wò.

Lóòótọ́, dátà náà ní ọjọ́ tó máa ń parí. Ṣùgbọ́n nínú òkùnkùn yẹn, orí fóònù la ti ń gbọ́ ìròyìn, òun náà lọmọ fi ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Bí fíìmù ṣe ń jẹ dátà ni kí ẹ ṣọ́: lórí Netflix, àwòrán tó mọ́ kedere lè jẹ tó 3GB ní wákàtí kan. 480p, ìyẹn àwòrán tí kò mọ́ tó yẹn, tí kì í sì í jẹ dátà púpọ̀, ni mo fi tiwa sí.

Màmá mi, tí wọn kì í sùn láìgbọ́ ìròyìn NTA aago mẹ́sàn-án, ti ń wá fíìmù Yorùbá fúnra wọn lórí YouTube. Wọ́n á dá a dúró, wọ́n á lọ kírun, wọ́n á padà bá a níbi tí wọ́n fi í sí. Láti 1959 tí WNTV ti bẹ̀rẹ̀ n'Ìbàdàn, iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n wo ló dúró dè wọ́n bẹ́ẹ̀ rí?

Ẹ má ju ẹ́ríálì nù o. NTA ò gbowó oṣù.

Tó bá jẹ́ bọ́ọ̀lù nìkan lẹ tìtorí ẹ̀ fẹ́ ra tẹlifíṣọ̀n, tí iná àdúgbò yín sì dáa, ẹ ra dẹkódà. Ẹ̀yin yòókù, ní aago mẹ́jọ alẹ́ tí èrò pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ gbé fóònù yín síbi tí tẹlifíṣọ̀n máa wà, kí ẹ wo fíìmù fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Bí kò bá há, ẹ ra tẹlifíṣọ̀n tó ń gba íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ fi owó dẹkódà ra dátà.