Erékùṣù Gberefu ní Àgbádárìgì: Ẹ Fi Ẹsẹ̀ Rìn Ín

Ó pẹ́ tí mo ti ń gbé ní Àgbádárìgì kí n tó gbà láti kó àwọn ọmọ mi sọdá sí erékùṣù Gberefu, nítorí lójú tèmi, ibi tí wọ́n ti kó ẹrú lọ kì í ṣe ibi ìgbafẹ́. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta kan nínú oṣù Kejìlá ni mo yí èrò padà.

A kọ́kọ́ dé Vlekete, níbi tí ọjà ẹrú wà nígbà náà, a sì ya ìdí ọwọ̀n ìrántí igi Agia, níbi tí àwọn míṣọ́nnárì Freeman àti Townsend ti wàásù ní 1842, kí a tó sọ̀ kalẹ̀ sí èbúté. Kò pẹ́ tí ọkọ̀ fi gbé wa kọjá ọ̀sà, ṣùgbọ́n owó tí wọ́n gbà nígbà tí à ń bọ̀ ju èyí tí a jọ sọ lọ. Nítorí náà, ẹ ná àlọ àti àbọ̀ pọ̀.

Ọ̀nà oníyanrìn ló gba àárín igi àgbọn lọ sí òkun. Àwọn ọlọ́kadà yóò pè yín. Ẹ má dá wọn lóhùn. Ọ̀nà yìí ni wọ́n ń kó àwọn ẹrú gbà, òwò náà kò sì tán níhìn-ín nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì kà á léèwọ̀ ní 1807. Yanrìn náà ń fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn débi pé àbígbẹ̀yìn mi, tó ti ń sáré láti èbúté, dúró, ó sì bi mí bóyá àwọn ẹrú náà wọ bàtà. N kò rí èsì fún un. Lójú ọ̀nà ni kànga wà, èyí tí wọ́n ní ẹni tó bá mu omi rẹ̀ yóò gbàgbé ilé.

Etíkun ló gbẹ̀yìn, pẹ̀lú ọwọ̀n ìrántí Ibi Àlọ Àìbọ̀. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ dára, àyè bọ́ọ̀lù sì pọ̀, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ọmọ kankan wẹ̀, nítorí ìgbì òkun níbẹ̀ lágbára. Ibòji ṣọ̀wọ́n, ẹ gbé omi dání, kí ẹ sì lọ láàárọ̀ kí yanrìn tó gbóná.

A óò tún lọ. Màmá mi, tí orúnkún ń dùn, nìkan ni màá gbà láyè láti gun ọ̀kadà.