Ẹ̀rọ etí ₦45,000 tí mo rà ní Wuse, oṣù mẹ́rin rèé

Ìyàwó mi ló ní kí n kọ èyí o, torí gbogbo ẹni tó bá wá kí wa ní Kubwa, l'Ábújá níbí, ló ń béèrè nǹkan tó wà létí mi, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń bá mi gbé ọ̀rọ̀ sókè kí n lè gbọ́, ó ní àlàyé ti sú òun.

Ọmọ ọdún 63 ni mí. Ọdún 21 ni mo fi ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ní Kaduna, ariwo yẹn le débi pé àfi kẹ́ ẹ gbẹ́nu sétí ara yín kẹ́ ẹ tó gbọ́ra, kò sì sẹ́ni tó ń fi nǹkan dí etí nígbà yẹn. Ohun tí mi ò tètè mọ̀ ni pé mo ń gbọ́ ohùn èèyàn dáadáa, ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ gan-an ni mi ò gbọ́. Ìyàwó mi á ní "ẹ̀fọ́ ti tán nílé", èmi á gbọ́ "ẹ̀kọ́ ti tán", mo rò pé àwọn ọmọ-ọmọ wa ti gba ìsinmi nìyẹn. Ọmọ mi obìnrin pè pé àwọn máa wá kí wa lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, mo ní ọ̀tẹ̀ kẹ̀, ta ló ń dì í? Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, èmi náà bá wọn rín in, àmọ́ inú mi ò dùn. Dókítà ló là á yé mi pé ohùn àwọn lẹ́tà bíi f, s àti t wà lókè, ó sì fẹ́lẹ́, ibẹ̀ gan-an sì ni ariwo ẹ̀rọ máa ń kọ́kọ́ bà jẹ́ nínú etí. Dò-rè-mí ọ̀rọ̀ wà nísàlẹ̀, ìyẹn wà bó ṣe wà, òun ló ń tan èèyàn jẹ pé òun gbọ́.

Kẹ́ ẹ tó náwó, ẹ jẹ́ kí wọ́n wo inú etí yín ná. Ìdọ̀tí tí nọ́ọ̀sì yọ nínú etí mi òsì, ojú tì mí, etí yẹn sì là díẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ọ̀fẹ́ kọ́ o àmọ́ kò wọ́n. Wọ́n wá sọ iye ẹ̀rọ tiwọn fún etí méjèèjì, mo ní ẹ ṣé, mò ń bọ̀. Mi ò padà.

Èyí tí mo kọ́kọ́ rà, ₦9,000, lọ́wọ́ ẹni tó ń tajà lójú títì, ẹ má dán an wò. Ṣe ló kàn gbé gbogbo nǹkan sókè, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò, fáànù, ṣíbí inú abọ́, ọ̀rọ̀ èèyàn wá sọnù sáàárín ẹ̀. Èyí tí mo wá rà ní kẹ́míìsì, ibi tí etí ti bàjẹ́ nìkan ló ń ràn lọ́wọ́, ó sì ní bọ́tìnnì fún inú ilé àti fún ibi ariwo. Irú èyí tí Amẹ́ríkà gbà láti October 2022 pé kí àgbà tó ti pé ọdún 18 máa rà láìgba ìwé dókítà ni, ìyẹn tí etí ẹ̀ kò bá tíì bàjẹ́ jù.

Nínú yàrá tó dákẹ́, ó dáa, mi ò parọ́. Mo gbọ́ ẹyẹ lójú fèrèsé mi, mo gbọ́ ẹsẹ̀ ara mi lórí táìsì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dẹ́rù bà mí. Lórí fóònù náà ó gbìyànjú. Ní Wuse Market, rárá. Onítòmátò ní "dubu biyu", ìyẹn ẹgbẹ̀rún méjì lédè Hausa, mo gbọ́ "dubu biyar", ẹgbẹ̀rún márùn-ún, mo sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í bínú kó tó fọwọ́ ṣàpẹẹrẹ méjì fún mi. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí ìlù bá ti bẹ̀rẹ̀, mo máa ń yọ ọ́ sápò.

Ó máa ń fun fèrè níbẹ̀rẹ̀, ó ń han kíkan kíkan tí mo bá ń jẹun, àṣé rọ́bà kékeré ni mo fi sẹ́nu ẹ̀, mo pààrọ̀ sí èyí tó tóbi díẹ̀ tó wà nínú páálí, ó dákẹ́. Àti pé abetí ajá kì í bá a rẹ́! Fìlà yẹn ń ha á lára, bí ẹni ń ya bébà létí èèyàn. Gọ̀bì ni mò ń dé báyìí.

Mo mú èyí tó ń gba ṣáájì torí ọ̀rẹ́ mi kan ń lo oníbátìrì róbótó, tí wọ́n lẹ bébà mọ́. Tẹ́ ẹ bá ti ṣí bébà yẹn, bátìrì ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nìyẹn, tẹ́ ẹ bá sì lẹ̀ ẹ́ padà kò níí fi bẹ́ẹ̀ ràn yín lọ́wọ́, ọyẹ́ ibí tún máa ń gbẹ ẹ́, ó máa ń tètè kú. Ti èmi ń lò tó wákàtí 14, tí iná bá wà láti fi ṣáájì o.

Ẹ̀dùn ọkàn mi kan ni pé ẹ̀rọ ti etí ọ̀tún kú lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ibi tí mo ti rà á ní torí mo ti fi sétí, àwọn ò gbà á padà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lọ, kí wọ́n tó pààrọ̀ ẹ̀. Ẹ gba rìsíìtì.

Tó bá jẹ́ etí kan ṣoṣo ló dédé dí lójijì, tàbí ó ń ṣọyún, tàbí òòyì ń kọ́ yín mọ́ ọn, ẹ má wulẹ̀ ra nǹkan kan, ọsibítù ni kẹ́ ẹ lọ, lọ́jọ́ yẹn gan-an. Tọmọdé náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ kẹ́míìsì.

Ìyàwó mi ní kí n fi kún un pé mo máa ń yọ ọ́ tọ́rọ̀ owó bá ti bẹ̀rẹ̀ nílé. Irọ́ ni. Ṣáájì ló máa ń tán.