Ṣáàtì péríọ́díìkì tébù tí mo rà ní Dùgbẹ̀: ó wúlò gan-an, ṣùgbọ́n ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́ ẹ tó sanwó

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin tíṣà lẹ́sìn tẹ́ ẹ ń béèrè irú ṣáàtì péríọ́díìkì tébù, ìyẹn tébù tí wọ́n to gbogbo ẹ́límẹ́ǹtì kẹ́místrì sí, tó yẹ kéèyàn rà fọ́mọ SS1, ẹ wá gbọ́ tèmi. Èyí tí wọ́n ń tà láwọn ìsọ̀ ìwé ní Dùgbẹ̀ n'Íbàdàn ni mo rà, èyí tó fẹ̀ dáadáa tí wọ́n ti fi ọ̀rá bò lójú, ₦3,500 ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi lẹ́yìn tí mo ti ná an títí tẹ́nu ń ro mí. Ó ti wà lára ògiri níbi tá a ti ń ṣe lẹ́sìn láti ìbẹ̀rẹ̀ táàmù. Mi ò ní dárúkọ àwọn tó tẹ̀ ẹ́ o, torí àwọn tó ń tẹ irú ẹ̀ pọ̀ lọ súà, bó sì ṣe jọ lójú mi, ṣe ni wọ́n ń da fáìlì ara wọn kọ.

Ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ràn ẹ̀ ni pé wọ́n kọ bí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù, àwọn nǹkan bíńtín tó ń yí àárín átọ́ọ̀mù ká, ṣe tò sínú àpótí kọ̀ọ̀kan. Ẹ wo àpótí sodium: 11 lókè, Na gàdàgbà láàárín, 23 nísàlẹ̀, 2,8,1 wá wà ní kọ̀rọ̀ lápá ọ̀tún. Ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù méjì wà ní ìpele tó sún mọ́ àárín jù, mẹ́jọ ní èyí tó tẹ̀ lé e, ọ̀kan ní ìpele tó wà lóde. Ibi 2,8,1 yẹn gan-an ni mo sanwó sí. Tọ́mọ bá ti mọ̀ ọ́n kà, kò nílò kó há nǹkan kan sórí mọ́: nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn, ìyẹn 1, ló ń sọ gúrúùpù (ìlà tó wà lóòró) tí sodium wà, nọ́ńbà mẹ́ta ló sì wà níbẹ̀ lápapọ̀, torí náà píríọ́ọ̀dù (ìlà tó wà ní ìbú) kẹta ni. Ẹ gòkè sí lithium, 2,1. Ẹ sọ̀kalẹ̀ sí potassium, 2,8,8,1. Ẹyọ kan ló gbẹ̀yìn gbogbo wọn, ẹyọ kan yẹn náà sì ni wọ́n máa ń fẹ́ jù sílẹ̀, ìdí nìyẹn tí gbogbo wọn fi ń bá omi jà. Bẹ́ ẹ bá ṣe ń sọ̀kalẹ̀ sí i ni ẹyọ kan yìí á máa jìnnà sí nucleus, ìyẹn àárín átọ́ọ̀mù, bí ọmọ tó ti kúrò lójú ìyá ẹ̀, ó wá rọrùn láti já gbà, òun ló jẹ́ pé lithium á kàn máa hó lójú omi jẹ́jẹ́ ṣùgbọ́n potassium á gbiná lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Àwọn ọmọ tó jẹ́ pé hydrogen, helium, lithium ni wọ́n ń kà lórí láìmọ ohun tí wọ́n ń kà, mo rí i bí ojú wọn ṣe là lọ́jọ́ tá a tẹ̀lé ìlà yẹn wálẹ̀.

Àwọn ṣáàtì kan wà tó lẹ́wà ju eléyìí lọ, wọ́n ya àwòrán sínú gbogbo àpótí, bọ́líìbù, wúrà, bátìrì, ó dùn ún wò lójú. Kò sí 2,8,1 níbẹ̀. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ jàre, àyàfi tó bá jẹ́ pé ẹ kàn fẹ́ fi ṣe ògiri lọ́ṣọ̀ọ́.

Ọmọ kan bi mí pé helium tí 2 gbẹ̀yìn ẹ̀, kí ló dé tí kò fi sí lọ́dọ̀ magnesium àti calcium tí 2 gbẹ̀yìn tiwọn náà, tó jẹ́ orí neon ni wọ́n gbé e sí? Ìbéèrè tó mọ́gbọ́n dání. Ibi tí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù helium wà, méjì péré ló lè gbà, ó ti kún nìyẹn, kò ní fún ẹnikẹ́ni, kò sì ní gbà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Neon tó jẹ́ 2,8 náà ti kún. Ṣáàtì ò ṣàlàyé èyí o, ẹ̀yin lẹ máa ṣàlàyé ẹ̀.

Ó yá, ká wá sórí ibi tí inú ti bí mi.

Àkọ́kọ́, wọn ò kọ ọ́ síbì kankan pé nọ́ńbà òkè ni iye pírótọ́ọ̀nù inú nucleus, ti ìsàlẹ̀ sì ni ìwọ̀n átọ́ọ̀mù. Ẹni tó ti mọ̀ ti mọ̀, ṣùgbọ́n ṣebí torí ẹni tí ò mọ̀ la ṣe rà á. Àwọn ṣáàtì míì sì máa ń yí i, wọ́n á gbé ìwọ̀n sókè, torí náà mo kàn sọ fáwọn ọmọ pé èyí tó kéré nínú méjèèjì ni iye pírótọ́ọ̀nù, hydrogen nìkan ni méjèèjì ti jẹ́ 1. Tẹ́ ẹ bá yọ kékeré kúrò nínú ńlá, iye nútírọ́ọ̀nù, èyí tó wà pẹ̀lú pírótọ́ọ̀nù nínú nucleus, lẹ rí yẹn, 23 yọ 11, ó ku 12 fún sodium. Wọ́n ń ṣe é lọ wọ́ọ́rọ́wọ́ títí wọ́n fi dé chlorine, 35.5 yọ 17, lẹnì kan bá kọ 18.5. Níbo lèèyàn ti ń rí ààbọ̀ nútírọ́ọ̀nù? Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé chlorine tó wà láyé, tẹ́ ẹ bá kó mẹ́rin jọ, nǹkan bíi mẹ́ta nínú ẹ̀ á jẹ́ 35, ọ̀kan á jẹ́ 37, àròpín wọn ló jẹ́ 35.5. Kò sí átọ́ọ̀mù chlorine kan ṣoṣo tó jẹ́ 35.5. Ìlà kan péré nísàlẹ̀ ṣáàtì ì bá ti yanjú ẹ̀, àyè sì wà níbẹ̀, àdírẹ́sì àti nọ́ńbà fóònù ni wọ́n kọ kún un.

Ìkejì ló burú jù. Àpótí 27, cobalt, CO ni wọ́n kọ síbẹ̀, lẹ́tà ńlá méjèèjì! Co ni cobalt, mẹ́táàlì ni. CO ni carbon monoxide, èéfín jẹnẹrétọ̀ tó ń pa odindi ìdílé sójú oorun. Tọ́mọ bá kọ irú ẹ̀ nínú WAEC, ta ni wọ́n máa bi? Máákà dúdú ni mo fi tún un kọ.

Ìkẹta, apá ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi 113, 115, 117 àti 118, Uut, Uup, Uus, Uuo ló ṣì wà níbẹ̀. Orúkọ adelé làwọn yẹn, láti oṣù kọkànlá 2016 ni IUPAC, àjọ àgbáyé tó ń fọwọ́ sí orúkọ ẹ́límẹ́ǹtì, ti fọwọ́ sí orúkọ wọn gangan: nihonium, moscovium, tennessine, oganesson (Og). Kò ní dí ọmọ SS1 lọ́wọ́ nínú ìdánwò, òótọ́ ni, àmọ́ ẹ tún rò ó wò, ṣé a ó máa ra ọjà tuntun tí fáìlì ẹ̀ ti pẹ́ tó báyẹn ni?

Nǹkan kan wà táwọn ọmọ bá mi jà lé lórí pé àṣìṣe ni, tí kì í ṣe àṣìṣe. Argon 39.9, potassium 39.1, síbẹ̀ argon ló ṣáájú. Mendeleev ará Rọ́ṣíà tó gbé tébù tiẹ̀ jáde ní 1869, ìwọ̀n ló fi tò ó. Ẹ́límẹ́ǹtì tí wọ́n mọ̀ nígbà yẹn ò ju nǹkan bí 63 lọ, ó wá fi àyè sílẹ̀ fáwọn tẹ́nikẹ́ni ò tíì rí, nígbà tí wọ́n sì rí gallium ní 1875 àti germanium ní 1886, inú àyè yẹn gẹ́lẹ́ ni wọ́n bọ́ sí. Ọkùnrin náà gbójú o! Ṣùgbọ́n ìwọ̀n nìkan ò ṣe é gbára lé, torí èyí tó pọ̀ jù nínú argon ní nútírọ́ọ̀nù 22, èyí tó pọ̀ jù nínú potassium sì ní 20, bí argon ṣe fi wúwo jù nìyẹn bó tiẹ̀ jẹ́ pé pírótọ́ọ̀nù ẹ̀ fi ọ̀kan dín. Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan, Henry Moseley, ló lo X-ray ní 1913 láti fi hàn pé chájì inú nucleus, tá a wá mọ̀ sí iye pírótọ́ọ̀nù, ló yẹ kéèyàn máa tẹ̀lé. 18 ṣáájú 19, ọ̀rọ̀ parí. Ogun Àgbáyé Kìíní ló pa á ní Gallipoli, ní Turkey, ní 1915, ọmọ ọdún 27 péré, ó dùn mí nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á.

Ní ti ọ̀rá tí wọ́n fi bò ó, ó dáa, èèyàn lè fi máákà bọ́ọ̀dù kọ nǹkan sórí ẹ̀ kó sì nù ún kúrò. Ó máa ń dán tí iná bá tàn sí i, àwọn tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ò rí gúrúùpù 17 dáadáa, èmi kàn sún un sí ògiri kejì ni. Tọ́mọ bá sì ti dé SS2, á nílò èyí tó ní 1s² 2s² 2p⁶, ọ̀nà míì tí wọ́n fi ń kọ bí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ṣe tò, kò sí ìyẹn lórí eléyìí.

Máàkì mẹ́ta nínú márùn-ún ni mo fún un. Tẹ́ ẹ bá ní dátà, tébù tí Royal Society of Chemistry gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì ò gba kọ́bọ̀, ẹ tẹ ẹ́límẹ́ǹtì èyíkéyìí, ìtàn ẹ̀ á jáde. Ṣùgbọ́n fóònù ò ṣe é kọ́ sára ògiri fún ogún ọmọ, torí náà tẹ́ ẹ bá fẹ́ rà, ẹ ní kí wọ́n tú u sílẹ̀ kẹ́ ẹ wò ó: àpótí 11 bóyá 2,8,1 wà níbẹ̀, àpótí 27 bóyá Co ni, àpótí 118 bóyá Og ni. Tẹ́ni tó ń tà á bá lóun ò lè tú u, ẹ kọjá sí ìsọ̀ tó tẹ̀ lé e.