Ọtí inú ọ̀rá: ọjà kékeré tó ń de ọ̀dọ́ mọ́lẹ̀

Ọ̀rá kan gba 30 ml. Ẹ wo ara rẹ̀ dáadáa: èyí tó pọ̀ nínú wọn kọ agbára ọtí 40% sí 43% síbẹ̀. Mẹ́ta péré ti lágbára ju ìgò bíà ńlá 600 ml lọ, bẹ́ẹ̀ eyín lèèyàn fi ń ya á, tí yóò dà á sọ́nà ọ̀fun kí ojú tó ṣẹ́. Ọjà tí kò yẹ lọ́wọ́ ọ̀dọ́ rárá ni.

Ọ̀rá yẹn gan-an ló ń jẹ́ kó wọ ọ̀dọ́ lára. Ọmọ ọdún 16 kò lówó ìgò ńlá, kò sì níbi tí yóò gbé e pamọ́ sí. Ọ̀rá wọ àpò ṣòkòtò, owó oúnjẹ ọ̀sán ká a, alátẹ ẹ̀gbẹ́ gáréèjì kì í sì í bèèrè ọjọ́ orí.

Kì í dùn lẹ́nu, ó ń jó ọ̀fun. Ohun tí wọ́n ń wá níbẹ̀ ni ìfọ̀kànbalẹ̀: ìpayà ìdánwò, àìróorunsùn, àìríṣẹ́ṣe, ilé tí bàbá fúnra rẹ̀ ti ń fi ọtí pa ìrònú rẹ́. Àyà á balẹ̀ fún wákàtí díẹ̀. Bí ọtí bá ń dá lójú, ìpayà á tún yọjú ní ìdájí, á le ju ti àná lọ, ọmọ á sì tún wá òmíràn. Bí ara bá ti mọ́ ọn tán, ọ̀kan ò lè tó o mọ́. Láàárín agbèrò àti ọlọ́kadà, ẹni tó bá kọ̀ ọ́ ni wọ́n ń pè ní ojo, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ jáwọ́ lè pàdánù ọ̀rẹ́ àti iṣẹ́ pọ̀.

Ní January 2022 ni NAFDAC, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn, ti dáwọ́ ìforúkọsílẹ̀ tuntun fún ọtí inú ọ̀rá dúró. Wọ́n fòfin dè é ní February 2024, ṣùgbọ́n wọ́n tún sún gbèdéke òfin náà síwájú. Ìyẹn dùn wá gan-an.

Bí ẹ bá rí i lápò ọmọ yín, gbígbà á nìkan kò tó. Ẹ bi í: ìgbà wo lo máa ń mu ún? Àwọn ta ni ẹ jọ ń mu ún? Kí ló ṣẹlẹ̀ kó o tó ra á? Ìdáhùn ìkẹta yìí ni kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́. Ẹni tó bá ń mu ún lójoojúmọ́ kò gbọdọ̀ dá jáwọ́ lójijì nílé: láàárín wákàtí 6 sí 48, ọwọ́ lè máa gbọ̀n, òógùn lè bò ó, gìrì sì lè gbé e. Ilé ìwòsàn Aro l'Abẹ́òkúta àti ti Yaba l'Ékòó ń tọ́jú irú wọn. Bó bá ti ń fi tramadol, oògùn apàrora tó lágbára, mọ́ ọn, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbé e lọ, torí àpapọ̀ méjèèjì lè dá èémí dúró lójú oorun.