Ẹ ṣọ́ra fún ẹni tó ń gbowó láti dá Windows padà sí ti tẹ́lẹ̀ ní Àjàṣẹ́

Ẹ̀yin ará Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), láti Ouando dé Catchi, dé Djassin, títí kan ẹ̀yin tí ẹ wà ní Adjarra, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí tán kí ẹ tó gbé kọ̀ǹpútà yín fún ẹnikẹ́ni pé kó bá yín yọ Windows 11 kúrò, kó dá a padà sí Windows 10. Ọkùnrin kan wà lágbègbè ọjà Ouando tó ń fi iṣẹ́ yìí gbowó lọ́wọ́ ènìyàn, tó ń pa fáìlì wọn rẹ́, tó sì ń yọ ohun tó dára nínú ẹ̀rọ wọn. Mi ò ní kọ orúkọ rẹ̀ síbí torí ọ̀rọ̀ náà ti dé kọmisáríà. Ọ̀nà tó ń gbà ṣe é ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀, nítorí ẹlòmíràn lè kọ́ ọ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin náà mọ ohun tó fa èrò lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Ní 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni Microsoft dáwọ́ àtúnṣe ààbò ọ̀fẹ́ fún Windows 10 dúró. Ìkìlọ̀ ń jáde lójú kọ̀ǹpútà ṣáá, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì tẹ bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n bọ́ sórí Windows 11. Àwọn tí ẹ̀rọ wọn ní RAM (àyè ìrántí tí ẹ̀rọ fi ń ṣiṣẹ́) 4GB péré, tí í ṣe ìwọ̀n tó kéré jù tí Windows 11 ń gbà, rí i pé ẹ̀rọ ń wọ́ ẹsẹ̀. Ẹlòmíràn, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ̀ àtijọ́ ni kò dá a lóhùn mọ́. Gbogbo wọn wá ń béèrè pé ta ló lè dá a padà.

Àbúrò mi obìnrin ló kó sí i lọ́wọ́. Ó ní ṣọ́ọ̀bù tó ti ń tẹ̀wé fún ènìyàn, tó ń ṣe photocopie, tó ń bá wọn fa ìwé CIP wọn (ìwé ìdánimọ̀) jáde. Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ló fi ń jẹun. Ó bọ́ sórí Windows 11 ní alẹ́ Sátidé, nígbà tó di Mọ́ńdè, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kọ̀, kò tẹ ohunkóhun. Oníbàárà kan mú un lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin yìí. Ó ṣí kọ̀ǹpútà náà, ó mi orí, ó ní: "Àǹtí, iṣẹ́ yìí kì í ṣe kékeré o. 15,000 sẹfà ni. Ẹ san ìdajì, ẹ fi ẹ̀rọ sílẹ̀, ẹ padà wá lọ́jọ́ Jímọ̀." Àbúrò mi fi owó ránṣẹ́ sí i lórí MoMo. Ní Jímọ̀, ó ní kò síná. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó ní òun ṣì ń gba Windows 10 sílẹ̀ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, pé íntánẹ́ẹ̀tì ń fà. Nígbà tó pe ìpè mìíràn, ohùn rẹ̀ ti yí padà: díìsìkì ti kú, tuntun jẹ́ 35,000 sẹfà, bí ó bá sì fẹ́ kí òun yọ fáìlì rẹ̀ nínú òkú díìsìkì yẹn, owó tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Àbúrò mi san gbogbo rẹ̀. Kí ló fẹ́ ṣe? Mémoire àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wà nínú rẹ̀, ìwé ìbí àwọn ọmọ ènìyàn wà nínú rẹ̀. Kò ju ìdajì fáìlì lọ tó padà rí.

Mo fẹ́ kí ẹ yé ohun tó ṣẹlẹ̀ yìí dáadáa, nítorí inú ọjọ́ tó ń sún síwájú yẹn gan-an ni jìbìtì wà. Nígbà tí ẹ bá bọ́ láti Windows 10 sí 11 lórí ẹ̀rọ kan náà, Windows kì í da ti àtijọ́ nù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó ń kó o pamọ́ sínú fódà kan tó ń jẹ́ Windows.old, fún ọjọ́ mẹ́wàá. Láàárín ọjọ́ mẹ́wàá yẹn, ẹ̀yin fúnra yín lè dá a padà nínú ilé yín. Ẹ lọ sí Paramètres, ẹ tẹ Système, ẹ tẹ Récupération. Ẹ ó rí bọ́tìnnì tó ń dá yín padà sí Windows tí ẹ ń lò tẹ́lẹ̀. Ẹ ki ṣájà bọ̀ ọ́ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Yóò bi yín léèrè ìdí tí ẹ fi fẹ́ lọ, ẹ mú èyí tó bá wù yín. Yóò ní ṣé ẹ ò kọ́kọ́ fẹ́ wá àtúnṣe tuntun, ẹ ní rárá. Yóò rán yín létí ọ̀rọ̀ aṣínà tí ẹ ń lò nígbà tí ó ṣì jẹ́ Windows 10, ẹ rí i dájú pé ẹ rántí rẹ̀ o, torí òun ni ẹ ó fi wọlé. Lẹ́yìn ìyẹn yóò pa ara rẹ̀, yóò tan ara rẹ̀, ó parí. Fọ́tò yín wà níbẹ̀, ìwé yín wà níbẹ̀. Àwọn ètò tí ẹ gbé wọ̀ ọ́ lẹ́yìn tí ẹ bọ́ sórí 11 nìkan ni yóò lọ, ẹ ó sì tún wọn gbé wọ̀ ọ́. Kò gba fílàṣì, kò sì gba kọ́bọ̀.

Bí ọjọ́ mẹ́wàá bá ti kọjá, Windows fúnra rẹ̀ á pa fódà yẹn rẹ́ kí àyè lè wà nínú díìsìkì. Bọ́tìnnì yẹn á sì lọ. Ìdí nìyẹn tí ọkùnrin yìí fi ń ní kí ẹ padà wá ní Jímọ̀. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ tó jẹ́ ọ̀fẹ́ ló fi ẹnu sún síwájú títí tó fi di iṣẹ́ ńlá, tí kò fi sí ọ̀nà mìíràn bí kò ṣe kí wọ́n nu díìsìkì mọ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.

Bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sórí 11 tí ẹ ò tíì pinnu, ẹ lè sọ ọjọ́ mẹ́wàá yẹn di 60. Ẹ ṣí Invite de commandes, ojú dúdú tí a ti ń tẹ àṣẹ fún Windows, gẹ́gẹ́ bí administrateur, ẹ tẹ èyí síbẹ̀:

DISM /Online /Set-OSUninstallWindow /Value:60

Ẹ gbọ́dọ̀ ṣe é kí ọjọ́ mẹ́wàá tó pé. Lẹ́yìn rẹ̀, kò sí ohun tó lè ṣe fún yín mọ́.

Ẹni tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá, tàbí tó jẹ́ pé Windows 11 ló bá nínú ẹ̀rọ nígbà tó rà á, òótọ́ ni pé iṣẹ́ tirẹ̀ le díẹ̀. Wọ́n á fi fílàṣì 8GB tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gbé Windows 10 wọ̀ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, ohun gbogbo inú díìsìkì á sì lọ. Kò burú kí ènìyàn gba owó iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lórí èyí. Àmọ́ ẹni tó bá mọ iṣẹ́ á kọ́kọ́ bi yín pé níbo ni fáìlì yín wà, á jẹ́ kí ẹ kó wọn sórí díìsìkì ìta lójú yín kí ó tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Bí ó bá sì ní kí ẹ san owó ìwé àṣẹ Windows, ẹ kọ̀. Ẹ̀rọ tí Windows 10 tàbí 11 tòótọ́ ti ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ rí, Microsoft ti mọ̀ ọ́n. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀yà kan náà (Home sí Home, Pro sí Pro) ni ẹ dá padà sí i, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ó máa dá ara rẹ̀ mọ̀ ni, bí ó bá ti kan íntánẹ́ẹ̀tì.

Ohun kan tún wà tí wọ́n fi ń dẹ́rù bani. Ojú kọ̀ǹpútà lè di búlúù, kó máa béèrè nọ́ńbà gígùn kan tó ní díjíìtì 48. Ọ̀pọ̀ ló rò pé díìsìkì ti kú nìyẹn. Kò kú o, BitLocker, ààbò Windows tó ń ti díìsìkì pa, ló tì í. Ẹ wọ account.microsoft.com/devices/recoverykey lórí fóònù, pẹ̀lú àkáǹtì tí ẹ fi ṣí kọ̀ǹpútà náà, ẹ wò ó bóyá nọ́ńbà yẹn wà níbẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ tó gbé ẹ̀rọ jáde nílé.

Nígbà tí àbúrò mi gbé tirẹ̀ dé, ìró ló kọ́kọ́ fu mí lára. Kọ̀ǹpútà tí kì í sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀ wá ń kùn, ó ń ṣe kẹ́-kẹ́-kẹ́ bí a bá ṣí fáìlì. A dojú rẹ̀ bolẹ̀: síkúrù kan kò sí, èkejì sì ní orí tó yàtọ̀ sí ti àwọn tó kù. A wo Gestionnaire des tâches, ètò Windows tó ń fi ohun tó wà nínú ẹ̀rọ hàn, ibi tí díìsìkì wà. SSD (díìsìkì tó yára, tí kì í dún) ló wà nínú rẹ̀ nígbà tó rà á, HDD (èyí tó ń yí, tó sì lọ́ra) ló wà níbẹ̀ báyìí. Díìsìkì tó ní ó kú náà ńkọ́? Kò dá a padà fún un. Àgbà olùkọ́ kan ní Djassin sọ fún mi pé RAM ni wọ́n yọ nínú tirẹ̀, nígbà tó sì padà lọ bá ọkùnrin náà, ó ní kó ta ẹ̀rọ náà fún òun ní owó pọ́ọ́kú nítorí pé ó ti gbó.

Ti inú rẹ̀ tún burú ju ti ara lọ. Mo tẹ slmgr /xpr sínú Invite de commandes láti wo ìwé àṣẹ Windows tó gbé wọ̀ ọ́. Dípò kó sọ pé ó wà títí láé, ó gbé ọjọ́ tí yóò parí jáde. Ayédèrú tí wọ́n fi ń tan Windows jẹ nìyẹn, èyí tó jẹ́ pé ọjọ́ 180 ló máa ń lò kí ó tó tún béèrè. Mo wá wo ibi tí Windows ti ń dáàbò bo ara rẹ̀ lọ́wọ́ fáírọ́ọ̀sì. Ọkùnrin náà ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí ó má ṣe yẹ C:\ wò rárá. Ẹ gbọ́ ohun tí mo wí: gbogbo díìsìkì ni ó ní kí ẹ̀ṣọ́ di ojú sí! Ẹ̀rọ tí ènìyàn ń mú CIP àti ìwé ìbí ọmọ rẹ̀ wá sí. Inú bí mi gan-an lọ́jọ́ yẹn, ó sì ń bí mi di báyìí.

Windows 7 ló gbé wọ ti àgbà olùkọ́ yẹn, ó ní òun ló fúyẹ́. Ẹ má gbà. Láti 14 oṣù kìíní ọdún 2020 ni àtúnṣe ààbò rẹ̀ ti dópin, Chrome pàápàá ti fi í sílẹ̀ láti ọdún 2023.

Ṣé kí ẹ wá padà sí Windows 10? Bí iṣẹ́ yín bá nílò rẹ̀, ẹ padà, ṣùgbọ́n ẹ fi orúkọ sílẹ̀ fún àfikún ààbò ESU tí Microsoft ṣètò títí di 13 oṣù kẹwàá ọdún 2026. Inú Paramètres ni ẹ ó ti rí i, níbi tí Windows Update wà. Ẹni tó bá fi àkáǹtì Microsoft wọlé, tó sì jẹ́ kí Windows tọ́jú ètò rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò ní sanwó. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí Windows tọ́jú ètò rẹ̀ bẹ́ẹ̀ lè san dọ́là 30. Ti àbúrò mi, ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn la ti ṣe é, ó jókòó tì í títí tó fi parí, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ̀ sì dáhùn.

Ẹ má fi kọ̀ǹpútà sílẹ̀ sùn lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni láìgba reçu tí wọ́n kọ nọ́ńbà ẹ̀rọ, ìwọ̀n RAM àti irú díìsìkì sí. Ẹ fi fóònù ya àwòrán ojú Gestionnaire des tâches ní iwájú rẹ̀, kí òun náà rí i pé ẹ ya á.

Ẹ̀yin tí ẹ̀rọ yín wà lọ́wọ́ ọkùnrin Ouando yìí lónìí, ẹ ka ọjọ́ tí ẹ bọ́ sórí Windows 11. Bí kò bá tíì pé mẹ́wàá, ẹ gbọ̀nà ibẹ̀ nísinsìnyí, ẹ má dúró de Jímọ̀. Ẹ gba ẹ̀rọ yín bó ṣe wà, ẹ wo síkúrù ìsàlẹ̀ rẹ̀ níwájú rẹ̀, kí ẹ tó kúrò. Bí ó bá sì ti yọ díìsìkì yín, ẹ béèrè èyí tó yọ, ẹ mú àwòrán owó MoMo tí ẹ fi ránṣẹ́ sí i dání lọ sí kọmisáríà.