Họ́ọ̀sì àti kílíìpù, àbí PVC àti yúníọ́nù? Ìfiwéra fún ẹni tó fẹ́ so pọ́ńpù táńkì ẹja

Tí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ra pọ́ńpù tí yóò máa dá omi padà láti táńkì ìsàlẹ̀ sí táńkì ẹja lókè, iye omi tí pọ́ńpù lè gbé ní wákàtí kan ló máa ń kọ́kọ́ bèèrè. Ó wà lára páálí, ẹ kà á níbẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ ni ọjọ́ tí pọ́ńpù náà máa jáde nínú omi, torí dandan ni kó jáde. Ẹfun inú omi á lẹ̀ mọ́ abẹ́bẹ̀ inú rẹ̀, tàbí kí ìgbín kékeré há sí i lẹ́nu, tàbí kí iná tó ń ṣe ségesège jó o. Bí ẹ ṣe so ó mọ́ páìpù ló máa sọ bóyá iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni yíyọ rẹ̀, tàbí ẹ ò ní sùn lóru ọjọ́ náà.

Ọ̀nà méjì ni mo fẹ́ fi wéra. Èkíní ni họ́ọ̀sì tí a fi kílíìpù há mọ́ ẹnu pọ́ńpù. Èkejì ni páìpù PVC tó ní yúníọ́nù láàárín, ìyẹn ìsopọ̀ onínọ́ọ̀tì ńlá tí a lè fi ọwọ́ tú. Mo ti lo méjèèjì. Yúníọ́nù ló wà lábẹ́ táńkì ẹja Oscar mi báyìí.

Ọ̀nà kẹta wà, pé kí a fi gọ́ọ̀mù lẹ gbogbo ẹ̀ pa láti ẹnu pọ́ńpù dé òkè. Kò yẹ kó bá wọn dúró lórí ìlà rárá, àmọ́ òun ló gba owó lọ́wọ́ mi, ẹ jẹ́ kí n fi bẹ̀rẹ̀.

Yíyọ pọ́ńpù jáde

Púlọ́ḿbà tó kọ́kọ́ bá mi so táńkì, iṣẹ́ balùwẹ̀ ló mọ̀. Ó lẹ páìpù mọ́ ẹ́líbò, ìsopọ̀ tó ṣẹ́ bí ìgbọ̀nwọ́, ó lẹ ẹ́líbò mọ́ àdápítọ̀ ẹnu pọ́ńpù, ó ń lẹ̀ ẹ́ lọ títí dé òkè. Kò jò, ó sì dùn ún wò. Nínú balùwẹ̀, ta ló ń yọ páìpù? Ó wá di òru ọjọ́ kan tí iná ń ṣẹ́jú, tó ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀, pọ́ńpù dákẹ́. Àdápítọ̀ yẹn jẹ́ oníṣíkúrù lóòótọ́, ṣùgbọ́n kó tó lè tú, àfi kí pọ́ńpù fúnra rẹ̀ máa yí po, ògiri táńkì ìsàlẹ̀ ò sì fún un láyè. Ayùn irin ò lè wọ inú kọ́bọ́ọ̀dù tí táńkì ìsàlẹ̀ wà. Mo yọ abẹ inú rẹ̀, mo fi àkísà wé e ní ìdí, mo wá ń fi ọwọ́ kan gé páìpù náà, èérún funfun ń já sínú omi. Àwọn Oscar ti wá sójú omi lókè, wọ́n ń la ẹnu.

Ìyà ibẹ̀ ò parí síbi gígé. Páìpù tí a bá ti gé ti kúrú nìyẹn. Ẹ óò ra kọ́pílíńgì láti fi so ó padà, gọ́ọ̀mù tuntun gbọ́dọ̀ gbẹ kí omi tó gba inú rẹ̀ kọjá, ẹja ń dúró ní gbogbo àkókò yẹn. Àwọn kòkòrò tín-ín-tín tó ń fọ omi nínú táńkì ìsàlẹ̀ náà ń dúró, atẹ́gùn inú omi tí kò rìn sì ń tán mọ́ wọn lára. Nígbà tí pọ́ńpù bá tún fẹ́ jáde, ẹ óò tún gé e. Tó bá ṣe díẹ̀, páìpù gbọọrọ tó ṣẹ́ kù láàárín pọ́ńpù àti ẹ́líbò kò ní gba kọ́pílíńgì mọ́, gbogbo rẹ̀ á di àtúnṣe látìbẹ̀rẹ̀. Mo san owó àtúnṣe yẹn, owó iṣẹ́ àti owó ọjà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ yín pé kí púlọ́ḿbà má lẹ ohunkóhun mọ́ pọ́ńpù yín bí kò bá tíì fi ibi tí a ti máa tú u hàn yín.

Ní ti họ́ọ̀sì, yíyọ rẹ̀ rọrùn nígbà tó bá ṣì tuntun. Ẹ tú kílíìpù, ẹ yí họ́ọ̀sì díẹ̀, ẹ fà á, ó ti jáde. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan ni ọ̀rọ̀ ń yí padà. Họ́ọ̀sì fáínílì tó mọ́ gaara, èyí tó pọ̀ jù lọ́jà, máa ń le bó bá ti ń pẹ́, á wá lẹ̀ típẹ́típẹ́ mọ́ ẹnu pọ́ńpù. Ẹ lè da omi gbígbóná sí i kó rọ̀, àmọ́ ṣé inú táńkì ẹja ni ẹ óò da omi gbígbóná sí? Ohun tí gbogbo wa máa ń ṣe ni pé ká gé etí rẹ̀ díẹ̀, ká tún un kì bọ̀ ọ́. Nítorí náà, bí ẹ bá yan họ́ọ̀sì, ẹ jẹ́ kó gùn ju bó ṣe yẹ lọ díẹ̀, kí ẹ sì kọ ojú ṣíkúrù kílíìpù sí ẹnu ọ̀nà kọ́bọ́ọ̀dù, kí síkúrù-díráífà lè rí ibi gbà. Èyí tí wọ́n fi sílíkọ̀nù ṣe kì í le bẹ́ẹ̀. Ó wọ́n jù ú, àmọ́ òun ni kí ẹ rà.

Ìṣòro họ́ọ̀sì kejì ni omi tó wà nínú rẹ̀. Bí kò bá sí fáàfù, ohun tí a fi ń ṣí omi tí a sì fi ń pa á, lókè rẹ̀, gbogbo omi tó dúró nínú họ́ọ̀sì ló máa dà sí yín lápá nígbà tí ẹ bá fà á yọ. Kílíìpù náà sì sábà máa ń wà lábẹ́ omi, níbi tí ojú ò tó.

Yúníọ́nù ò ní gbogbo wàhálà yìí, bí a bá fi sí ibi tó yẹ. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ti ń bàjẹ́, torí ẹni tó ra yúníọ́nù tó dára jù lọ lè fi sí ibi tí kò ti ní wúlò fún un.

Ẹ wo omi táńkì ìsàlẹ̀ yín nígbà tí pọ́ńpù ń ṣiṣẹ́, kí ẹ wá pa pọ́ńpù náà. Omi òkè á máa ṣàn padà wá, omi ìsàlẹ̀ á gòkè díẹ̀díẹ̀ kó tó dúró. Ibi tó dúró sí yẹn ni kí ẹ fi ámì sí. Òkè ámì yẹn ni yúníọ́nù gbọ́dọ̀ wà, torí pọ́ńpù tí ẹ fẹ́ yọ ti kú tàbí ẹ ti pa á, omi sì ti gòkè. Ẹni tó bá wọn ọ́n nígbà tí pọ́ńpù ń ṣiṣẹ́ á rí i pé nọ́ọ̀tì òun ti rì sínú omi lọ́jọ́ tó fẹ́ tú u.

Lókè yúníọ́nù ni kí fáàfù wà. Tí ẹ bá ti pa á, omi inú páìpù òkè á dúró síbẹ̀, díẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ nìkan ló máa já. Bọ́ọ̀lù fáàfù kan wà tó ní nọ́ọ̀tì yúníọ́nù lápá méjèèjì. Ẹyọ kan ṣoṣo ló ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì, bí ẹ bá sì pa á, nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ nìkan ni ẹ óò tú. Òun ni mo ń lò.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọwọ́ yín dá ara yín lójú. Kí ẹ tó fi gọ́ọ̀mù kan ohunkóhun, ẹ to gbogbo rẹ̀ láìlẹ̀ ẹ́, ẹ tì í wọ inú kọ́bọ́ọ̀dù, ẹ di nọ́ọ̀tì náà mú bí ẹni fẹ́ ṣí ìgò, kí ẹ yí i. Bí ẹ̀yìn ọwọ́ yín bá ń kan pákó, ẹ sún un. Nọ́ọ̀tì tí ọwọ́ ò bá rí yí, pílíásì ni wọ́n máa ń mú wá, pílíásì ló sì ń sán an. Ẹ sì rántí pé nọ́ọ̀tì gbọ́dọ̀ ti wà lára páìpù kí ẹ tó lẹ ìdajì yúníọ́nù mọ́ etí rẹ̀. Ìdajì tó ní kòtò òrùka rọ́bà ni kó wà nísàlẹ̀, kó kọjú sókè, kí òrùka náà má baà já sínú omi nígbàkigbà tí ẹ bá tú u. Òrùka yẹn ló ń dá omi dúró. Ẹ má fi téèpù funfun wé ojú ibẹ̀, ibi ṣíkúrù àdápítọ̀ ni téèpù wà fún. Ẹ fi gíríìsì sílíkọ̀nù pa òrùka náà, kì í ṣe Vaseline, tó máa ń mú kí irú rọ́bà kan wú.

Nígbà tí iná bá lọ

Họ́ọ̀sì tàbí PVC, kò sí ìyàtọ̀ níbí, àmọ́ ẹni tó ń gbé ibi tí iná ti ń lọ lójoojúmọ́ kò gbọ́dọ̀ fo ìpínrọ̀ yìí. Bí pọ́ńpù bá dúró, ẹnu páìpù tó ń tú omi sí táńkì òkè á bẹ̀rẹ̀ sí fa omi padà sísàlẹ̀, kò sì ní dáwọ́ dúró àfi tó bá fa atẹ́gùn. Ẹ jẹ́ kí ẹnu yẹn wà nítòsí ojú omi, tàbí kí ẹ lu ihò kékeré sára páìpù ní ìsàlẹ̀ ojú omi gan-an, kó lè tètè fa atẹ́gùn, kí ẹ sì máa wò ó bóyá ìdọ̀tí ti dí i. Àwọn ọlọ́jà á fẹ́ tà yín ní fáàfù tí kì í jẹ́ kí omi padà. Ìgbín kan tàbí ewé kan tó bá há sẹ́nu rẹ̀ tó láti mú kó má pa dé mọ́, omi á sì kún sí ilẹ̀ pálọ̀ yín. Àyè tó ṣófo nínú táńkì ìsàlẹ̀ ni ààbò tó dájú. Bí ẹ bá ra fáàfù yẹn náà, ẹ fi sí àárín yúníọ́nù, kó lè ṣeé tú fọ̀.

Ariwo

Họ́ọ̀sì ló borí. PVC tó le máa ń gbé gbígbọ̀n pọ́ńpù lọ sára kọ́bọ́ọ̀dù àti gíláàsì, ẹ ó sì máa gbọ́ ọ bí ilé bá pa rọ́rọ́. Ègé họ́ọ̀sì sílíkọ̀nù kúkúrú láàárín pọ́ńpù àti yúníọ́nù máa ń yanjú ẹ̀.

Bí omi ṣe ń rìn

Họ́ọ̀sì tó tẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́ kì í dá omi lọ́wọ́ kọ́ bíi ẹ́líbò tó ṣẹ́ ní igun 90, bí kò bá ṣáà ti ká. Ẹni tó bá yan PVC, kó fi ẹ́líbò onígun 45 méjì rọ́pò ọ̀kan tó jẹ́ 90.

Ìwọ̀n lọ́jà

Níbí ni ẹ ti gbọ́dọ̀ la ojú yín, pàápàá bí ẹ bá ra yúníọ́nù lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tí ẹ wá lọ ra páìpù lọ́jà ohun èlò ilé bíi ti Orílé ní Èkó. Páìpù tí wọ́n ń fi mìlímítà wọ̀n máa ń jẹ́ 20, 25 tàbí 32 níta. Ti Amẹ́ríkà jẹ́ 21.3 fún àbọ̀ íńṣì, 26.7 fún ¾ íńṣì, 33.4 fún íńṣì kan. Orúkọ kan náà ni ọlọ́jà máa ń pe méjèèjì. Ẹ kì wọ́n bọ ara wọn níwájú ọlọ́jà kí ẹ tó sanwó: ó yẹ kó fún díẹ̀ kó tó dé ìdí. Bó bá ń mì, gọ́ọ̀mù ò lè dí àlàfo yẹn.

Ṣíkúrù náà ní tirẹ̀. Irú eyín ṣíkúrù tí wọ́n ń pè ní NPT ni pọ́ńpù Amẹ́ríkà sábà máa ń ní, ti Yúróòpù sì ní irú tí wọ́n ń pè ní BSP. Ní àbọ̀ íńṣì àti ¾ íńṣì, eyín 14 ni méjèèjì ní nínú íńṣì kan, wọ́n á wọ ara wọn bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìrísí eyín wọn ò dọ́gba. Ní íńṣì kan, ọ̀kan ní 11.5, èkejì ní 11. Á yí wọlé díẹ̀, á há, ẹni tó bá sì fi agbára sí i á sán ẹnu pọ́ńpù. Ti họ́ọ̀sì ò ní ìdààmú tó báyìí, torí kílíìpù máa ń gba ìyàtọ̀ díẹ̀.

Irin

Ẹ má gba yúníọ́nù tàbí fáàfù idẹ, bó ti wù kó lágbára tó. Bàbà wà nínú idẹ, bàbà sì ń pa edé àti ìgbín inú táńkì. Kílíìpù irin á dípẹtà, pàápàá nínú omi iyọ̀. Ẹ ra ti náílọ́ọ̀nù.

Owó

Họ́ọ̀sì dín owó púpọ̀. Ẹ kàn fi owó sílíkọ̀nù kún un kí ẹ tó fi wéra.

Èwo ni kí ẹ rà?

Méjèèjì ló dára ní àyè tirẹ̀. Ẹni tó ń gbé ilé àyágbé, tó mọ̀ pé òun máa kó lọ láìpẹ́, tàbí tí táńkì rẹ̀ kéré, kó ra họ́ọ̀sì sílíkọ̀nù àti kílíìpù náílọ́ọ̀nù, kó fi fáàfù kan sí òkè rẹ̀, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀. Ẹni tí táńkì rẹ̀ tóbi, tí ẹja rẹ̀ ń yàgbẹ́ púpọ̀ bíi Oscar, tí iná àdúgbò rẹ̀ kò sì ṣeé gbára lé, pọ́ńpù rẹ̀ á máa jáde léraléra fún fífọ̀. Bọ́ọ̀lù fáàfù oníyúníọ́nù, pẹ̀lú ègé sílíkọ̀nù kúkúrú nísàlẹ̀ rẹ̀, ni kó rà. Bó bá jẹ́ àárín méjèèjì ni ẹ wà, ẹ bi ara yín pé ta ló máa wà nílé bí pọ́ńpù bá dákẹ́ lóru. Mo ti fi yúníọ́nù tí mo ní han ìyàwó mi. Ó máa ń pa fáàfù, ó máa ń tú nọ́ọ̀tì, ó máa ń gbé pọ́ńpù sínú ike omi tí a bu fínígà sí kí ẹfun rẹ̀ rọ̀, láìpè mí.

Bí ẹ bá ń ra yúníọ́nù, ẹ ra méjì lẹ́ẹ̀kan náà láti ọwọ́ ilé iṣẹ́ kan náà, torí nọ́ọ̀tì ilé iṣẹ́ kan kì í sábà wọ ti òmíràn. Ẹ lẹ ìdajì ìsàlẹ̀ èkejì mọ́ àdápítọ̀ pọ́ńpù tí ẹ fi pamọ́, kó gùn bákan náà pẹ̀lú ti àkọ́kọ́, kí ẹ tọ́jú rẹ̀ sínú kọ́bọ́ọ̀dù, òun àti òrùka rọ́bà rẹ̀. Lọ́jọ́ tí ti ìṣáájú bá jó, nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo ni ẹ óò tú, òun náà ni ẹ óò dè padà.